Mo fẹ́ kọ́ statistics kí n lè ṣèwádìí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti àwùjọ: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti fi ìwé ìṣirò sílẹ̀. Iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń ṣe, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé ẹ̀kọ́ láti kọ́ nípa iṣẹ́ àti àwùjọ. Wọ́n ní kí ọdún tó parí, oníkálukú wa gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kan tó ní dátà nínú. Mo ṣí ìwé tí wọ́n fún wa, ojú ewé kẹta ni mo ti pàdé àwọn lẹ́tà Gíríìkì, mo sì pa á dé.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi ò le láti sọ: kí ló dé tí àwọn kan fi ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn mìíràn sì ń kúrò kí ọdún kan tó pé? Ṣé owó ni, ṣé wákàtí iṣẹ́ ni, àbí ọ̀gá? Bí mo ṣe máa sọ ọ́ di ohun tí èèyàn lè kà, kí n sì lè dúró lórí èsì rẹ̀ láìmikàn, ni mi ò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́, kí sì ni kí n fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn?

Olùkọ́ Ìṣirò:
Ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù àwọn lẹ́tà yẹn kúrò nílẹ̀. Σ túmọ̀ sí "ró gbogbo rẹ̀ pọ̀". Iye èèyàn tí ẹ kà ni n. Lẹ́tà x tí ìlà wà lórí rẹ̀ ni ìpíndọ́gba àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀. Lẹ́tà μ ni ìpíndọ́gba gbogbo àwọn tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa wọn, ẹni tí ẹ rí bá sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ẹ ò rí. Àlàfo tó wà láàárín x yẹn àti μ ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá lé lórí: díẹ̀ la rí, púpọ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá mọ àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ sì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ fún square root (√) lórí ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ ti ní ìṣirò tí ìpele àkọ́kọ́ ń béèrè.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpíndọ́gba àti median, ẹ má sì yára kúrò níbẹ̀. Ká ní òṣìṣẹ́ méje wà níbi iṣẹ́ kan, tí owó oṣù wọn, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, jẹ́ 40, 42, 45, 48, 50, 55 àti 490. Ẹ ró o pọ̀, 770 ni. Ẹ fi 7 pín in, ó di 110. Ọ̀gá ibẹ̀ lè jáde síta kó ní 110 ni òṣìṣẹ́ òun ń gbà ní ìpíndọ́gba. Kò purọ́, síbẹ̀ mẹ́fà nínú àwọn méje ò gbà ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Ẹ tò wọ́n láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó pọ̀ jù, kí ẹ mú ẹni tó wà láàárín gan-an: 48. Median nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń gba owó gọbọi ò lè fà á síbì kankan, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń ṣèwádìí owó iṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn ju ìpíndọ́gba nù o. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ibi iṣẹ́ náà ń ná lórí òṣìṣẹ́ lápapọ̀, median ò lè sọ fún yín.

Lẹ́yìn èyí ni bí nǹkan ṣe fọ́n ká. Agbo òṣìṣẹ́ kan ń ṣe wákàtí 38, 39, 40, 41 àti 42 lọ́sẹ̀. Agbo kejì ń ṣe 10, 25, 40, 55 àti 70. Ìpíndọ́gba méjèèjì jẹ́ 40, median wọn náà 40. Ṣùgbọ́n nínú agbo kejì, ẹnì kan ń wá iṣẹ́ kún iṣẹ́, ẹnì kan ò ráyè sùn. Standard deviation ló máa sọ ìyẹn fún yín: nǹkan bíi 1.6 fún agbo àkọ́kọ́, 23.7 fún èkejì. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é lórí ìwé lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ yọ ìpíndọ́gba kúrò lára nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èyí tó ṣẹ́ kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ró wọn pọ̀, ẹ yọ ẹyọ kan kúrò lára n kí ẹ fi pín in, kí ẹ wá wá square root rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ǹpútà ni kó máa ṣe é.

Afẹsẹ̀bèèrè:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Olùkọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ṣáájú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbé ìwé ìbéèrè láti ilé dé ilé. Kí nọ́ńbà kan tó dé inú Excel, ẹnì kan ti jókòó síwájú ẹnì kejì, ó ti bi í léèrè, ẹni yẹn sì ti ro ohun tó dára láti fi fèsì. Ibẹ̀ ni dátà ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ bi obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ ṣe òwò ìdílé pé, "Ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́?" Àìmọye ìgbà ni mo ti gbọ́ "Rárá, mo kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni." Ẹ yí i padà: "Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé ẹ ṣe iṣẹ́ kankan, ì báà jẹ́ wákàtí kan, tó mú owó tàbí èrè wọlé fún yín tàbí fún ìdílé yín?" Ẹni kan náà tó ní rárá á ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kọ́ ni mo dá wákàtí kan yẹn sílẹ̀ o. Ìlànà ILO ni, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé. Ẹni tó ṣiṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ náà ti di ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó ka èèyàn sí aláìríṣẹ́ṣe, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé: kò níṣẹ́, ó ń wáṣẹ́, ó sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè má gba ti ìlànà náà. Èmi gan-an, nígbà tí mo bá bá ẹni tó ṣe wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ láti fàmì "ó níṣẹ́" sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìlànà á fi nọ́ńbà méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà wé ara wọn.

Ẹ má bi òṣìṣẹ́ nípa ọ̀gá níbi tí ọ̀gá ti lè gbọ́. Ẹ má sì da ìbéèrè méjì pọ̀ mọ́ ẹyọ kan, irú bíi "Ṣé owó yín àti wákàtí iṣẹ́ yín tẹ́ yín lọ́rùn?" Ẹni tí owó tẹ́ lọ́rùn, tí wákàtí ń pa, kí ni kó dáhùn?

Ẹ tún kíyè sí 99. Nínú ọ̀pọ̀ dátà, 99 ni wọ́n fi ń ṣojú fún ẹni tí kò dáhùn. Ká ní ẹ bi èèyàn mẹ́wàá pé ọmọ mélòó ni wọ́n ní. Mẹ́sàn-án dáhùn, ọmọ wọn lápapọ̀ jẹ́ 27, ìpíndọ́gba 3. Ẹni kẹwàá kọ̀, wọ́n kọ 99 sílẹ̀ fún un. Bí ẹ ò bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé 99 kì í ṣe ọmọ, ó máa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì ní ìpíndọ́gba jẹ́ 12.6. Kò ní kìlọ̀ fún yín. Ẹ ka ìwé àlàyé tó bá dátà wá kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́:
Ọ̀rọ̀ wákàtí kan yẹn ló mú mi wọlé. Ìbéèrè tí mo máa ń bi nọ́ńbà èyíkéyìí ni pé: kí ni wọ́n fi pín?

Ẹ wò ó báyìí. Èèyàn 1,000 tó ti tó iṣẹ́ ṣe wà níbì kan. 540 ń ṣiṣẹ́, 60 ń wáṣẹ́, 400 kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọn ò wáṣẹ́: akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ tàbí aláìsàn, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn tó wáṣẹ́ títí tó fi sú wọn. Ìwọ̀n àìríṣẹ́ṣe ò ní fi 1,000 pín o. Agbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń pín, ìyẹn 540 àti 60. 60 nínú 600 jẹ́ ìdá 10 nínú 100.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ogún nínú àwọn tó ń wáṣẹ́ sọ̀rètí nù, wọ́n jókòó sílé. Ẹnikẹ́ni ò ríṣẹ́. Àmọ́ àìríṣẹ́ṣe ti di 40 nínú 580, ìyẹn 6.9. Wọ́n á kà á nínú ìròyìn pé nǹkan ti ń dára. Ìdí rèé tí mi ò fi ń wo ìwọ̀n àìríṣẹ́ṣe láìwo ìdá àwọn tó níṣẹ́ nínú gbogbo èèyàn pẹ̀lú rẹ̀: 54 ló jẹ́ lóṣù àkọ́kọ́, 54 náà ló ṣì jẹ́.

Àpẹẹrẹ gidi tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ará ẹgbẹ́ wa ni ti Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn COVID-19 ti ilé iṣẹ́ pa. Iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 20 pòórá lóṣù kan ṣoṣo. Lóṣù yẹn kan náà, ìpíndọ́gba owó iṣẹ́ wákàtí kan fò sókè ní dọ́là 1.34, ó di dọ́là 30.01. Ṣé wọ́n fowó kún owó òṣìṣẹ́ ni? Rárá o. Àwọn tí owó wọn kéré jù ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn jù. Wọ́n kúrò nínú ìṣirò, ìpíndọ́gba àwọn tó ṣẹ́ kù sì gòkè. Àjọ tó gbé nọ́ńbà náà jáde kọ àlàyé yìí sínú ìròyìn wọn fúnra wọn. Ẹni tó ka àkọlé nìkan ni kò rí i.

Ọ̀kan tó kù: bí àìríṣẹ́ṣe bá kúrò ní 10 nínú 100 bọ́ sí 12, ẹ lè ní ó fi pọ́ìntì 2 gòkè, ẹ sì lè ní ó fi ìdá 20 nínú 100 pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Òótọ́ ni méjèèjì. Èyí tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ sọ ọ́ kó yé ẹni tó ń kà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣe standard deviation yẹn lórí ìwé lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì rí 23.7. Inú mi dùn débi pé mo jí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìbéèrè tó kàn: èèyàn mélòó ni kí n bá sọ̀rọ̀? Mo lérò láti lọ síbi iṣẹ́ mẹ́ta, kí n fún gbogbo òṣìṣẹ́ tí mo bá bá níbẹ̀ ní ìwé ìbéèrè nípa ohun tó ń mú èèyàn kúrò níṣẹ́.

Afẹsẹ̀bèèrè:
Ẹ dúró ná. Àwọn tó ti kúrò ńkọ́? Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́, àwọn tó dúró nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí ìbéèrè yín dá lé lórí ti jáde lọ. Ìwé tó lórúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n gbà láàárín ọdún kan ni kí ẹ wá, kí ẹ sì wá oníkálukú wọn kàn, ẹni tó dúró àti ẹni tó lọ.

Àwọn tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ pàápàá mọ àṣìṣe yìí dáadáa. Bí ẹ bá fi àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó léwu wé gbogbo ará ìlú, ó lè dà bíi pé iṣẹ́ náà ń mú ara le. Aláìlera kì í rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà, ẹni tó bá sì ṣàìsàn lẹ́nu rẹ̀ á kúrò.

Olùkọ́ Ìṣirò:
Ní ti iye èèyàn: bí ẹ bá ṣa àwọn èèyàn láìyan ẹnikẹ́ni láàyò, tí oníkálukú ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí i, ẹ wá square root n, kí ẹ fi pín 1. Ìyẹn á fi bí ìdá tí ẹ rí ṣe lè jìnnà sí òtítọ́ tó hàn yín, lókè tàbí nísàlẹ̀, nínú ìgbà 95 nínú 100. Èèyàn 100: ẹ fi 10 pín 1, ó di 0.1, ìyẹn pọ́ìntì 10 nínú 100. Èèyàn 400, pọ́ìntì 5. Èèyàn 1,600, pọ́ìntì 2.5. Ẹ rí i pé ká tó gé àṣìṣe sí méjì, ìlọ́po mẹ́rin èèyàn la máa wá. Bí orílẹ̀-èdè ṣe tóbi tó ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìṣirò yìí, ó sì máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n "láìyan ẹnikẹ́ni láàyò" yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi káàdì ìdìbò ìdánwò ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 2 sì padà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní Alf Landon ló máa wọlé sípò ààrẹ. Franklin Roosevelt ló wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ni ó sì mú. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti mọ́tò ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ wọn, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn tó fèsì ò jọ àwọn tí kò fèsì. Mílíọ̀nù 2 káàdì ò lè tún ìyẹn ṣe.

Ọmọ Dátà:
Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mo kéré jù níbí, ọdún tó kọjá ni mo ṣe kọ́ọ̀sì yìí. Ẹ̀gbọ́n, R ni kí ẹ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, èdè tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà láti ṣe statistics. Ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ bá gbé á wà nínú àkọsílẹ̀, bí olùkọ́ yín bá sì ní kí ẹ yọ ẹnì kan kúrò, ìlà kan péré lẹ máa yí padà. Àwọn tó ń tẹ bọ́tìnnì kiri kì í rántí ohun tí wọ́n tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́:
Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ibẹ̀ ni ẹni tó ti fi ìṣirò sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹni mẹ́rin tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, tó jẹ́ pé àmì ìdánudúró tí wọn ò fi síbi tó yẹ ló lé wọn lọ, kì í ṣe statistics. Ẹ fi jamovi tàbí JASP bẹ̀rẹ̀, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì lẹ kàn máa tẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn náà. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ń lo SPSS, tí owó rẹ̀ sì ga jù fún yín, PSPP jọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Dátà:
Mo gbọ́, bàbá. Jamovi lè fi kóòdù R ohun tó ń ṣe hàn yín, ẹ lè máa wò ó díẹ̀díẹ̀ kó tó di pé ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Ní ti dátà tí ẹ lè fi dánra wò, ILOSTAT, ibi tí ILO ń kó dátà sí, ní ti iṣẹ́, World Bank ní ti ọrọ̀ ajé, World Values Survey sì ní ti ìwà àti èrò àwọn èèyàn. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ́ (column) kan tí wọ́n kọ weight sí lórí, ẹ má fò ó. Òun ló ń sọ iye èèyàn tí ẹni kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bi léèrè ń ṣojú fún.

Ẹ sì máa ya àwòrán kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan. Lọ́dún 1973, onímọ̀ statistics kan, Francis Anscombe, ṣe dátà kéékèèké mẹ́rin tí ìpíndọ́gba wọn, bí wọ́n ṣe fọ́n ká àti bí wọ́n ṣe bá ara wọn tan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pátápátá. Bí ẹ bá yà wọ́n, ọ̀kan jẹ́ ìlà tó ń gòkè, ọ̀kan tẹ̀ kọrọdọ, èyí tó kù méjèèjì sì jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń da gbogbo rẹ̀ rú.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́:
Ohun kan wà tó ti mú mi ṣìnà rí, mo fẹ́ kó yé yín kí ẹ tó kọ ìwádìí yín. Ẹ wo ibi iṣẹ́ kan tó ní ẹ̀ka méjì, obìnrin 100 àti ọkùnrin 100 sì béèrè fún ìgbéga. Obìnrin 40 rí i gbà, ọkùnrin 65. Ẹnikẹ́ni á pariwo. Ẹ wá yà á sí ẹ̀ka. Ní ẹ̀ka kìíní, obìnrin 16 nínú 20 rí i gbà, ìdá 80 nínú 100. Ọkùnrin 60 nínú 80, ìdá 75. Ní ẹ̀ka kejì, obìnrin 24 nínú 80, ìdá 30. Ọkùnrin 5 nínú 20, ìdá 25. Nínú ẹ̀ka méjèèjì, obìnrin ló ṣe dáadáa jù. Ẹ ró o, kò sí ibi tí ó ti ṣì.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1973. Wọ́n gba nǹkan bí ìdá 44 nínú 100 ọkùnrin tó fẹ́ ṣe oyè gíga, wọ́n gba ìdá 35 nínú 100 obìnrin. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ka ẹ̀ka, wọ́n rí i pé àwọn obìnrin ń béèrè fún àwọn ẹ̀ka tó ṣòro láti wọ̀ ju tàwọn ọkùnrin lọ.

Àwọn kan á dúró síbẹ̀ yẹn, wọ́n á ní kò sí ìrẹ́jẹ. Èmi ò dúró síbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ tèmi, ta ló kó obìnrin 80 sí ẹ̀ka tí ìgbéga ti ṣọ̀wọ́n? Yíyà á sí ẹ̀ka ò pa ìbéèrè náà, ó gbé e lọ síbòmíràn ni. Olùwádìí ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e débẹ̀.

Afẹsẹ̀bèèrè:
Fún ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà jìnnà sí ọ̀rọ̀ èèyàn: lọ́dún 1896, W. E. B. Du Bois, ènìyàn dúdú onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kó lọ sí àdúgbò Seventh Ward ní ìlú Philadelphia, ó lọ láti ilé dé ilé, ó ń bi àwọn ènìyàn dúdú nípa iṣẹ́, owó, ilé àti ìdílé wọn. Àwọn tó rán an níṣẹ́ gbà pé ìṣòro ìlú wà lára àwọn èèyàn yẹn. Ohun tó kó wá fi hàn bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ wọn. Lọ́dún 1900, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Atlanta fọwọ́ ya àwòrán dátà aláwọ̀ mèremère, wọ́n sì gbé e lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Paris. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà:
Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Olùkọ́ wa fún wa ní dátà ìdánrawò kan lórí ìbéèrè tèmi gan-an. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe èèyàn gidi. Òṣìṣẹ́ 120: 60 máa ń mọ ìgbà tí wọ́n máa wọṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, 60 kì í mọ̀. Nínú àwọn tó ń mọ̀, 12 kúrò kí ọdún tó pé, ìdá 20 nínú 100. Nínú àwọn tí kì í mọ̀, 23 kúrò, ìdá 38. Mo ṣe chi-square, ìdánwò tó ń wò ó bóyá kòńgẹ́ lásán lè mú irú ìyàtọ̀ yẹn wá, jamovi ní p jẹ́ 0.03. Ṣé mo lè kọ pé ó dá mi lójú ní ìdá 97 nínú 100 pé àìmọ ìgbà iṣẹ́ ló ń lé èèyàn lọ?

Olùkọ́ Ìṣirò:
Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ọ́. Rárá, ẹ ò lè kọ bẹ́ẹ̀, ìdí méjì ló sì wà.

Èkíní, p kì í sọ bí èrò yín ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Ohun tó ń sọ ni pé: ká gbà pé ìmọ̀ ìgbà iṣẹ́ ò yí ohunkóhun padà, báwo ni ìyàtọ̀ tó tó èyí tàbí tó jù ú lọ á ṣe máa wáyé nípa kòńgẹ́ lásán? Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ọgọ́rùn-ún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. 0.05 tí gbogbo èèyàn ń forí balẹ̀ fún, onímọ̀ statistics kan, Ronald Fisher, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ lọ́dún 1925. Àdéhùn ni. Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ statistics ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ jáde láti kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi p nìkan ṣèdájọ́. Bí ẹ bá dán ìbéèrè 20 wò tí kò sí òótọ́ nínú ọ̀kankan, ẹ máa rí nǹkan bí ẹyọ kan tó wọlé sábẹ́ 0.05. Bí èèyàn bá sì pọ̀, 25,000 ní apá kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀ lè ní p tó kéré gan-an, síbẹ̀ ta ló máa torí ìṣẹ́jú 15 fiṣẹ́ sílẹ̀?

Bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Tiyín jẹ́ pọ́ìntì 18. Mo ṣírò ìwọ̀n ìdánilójú rẹ̀ fún yín, ìyẹn ibi tó ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ gidi wà: láti pọ́ìntì 2 títí dé 34. Ó lè jẹ́ ohun kékeré, ó lè jẹ́ ohun ńlá. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé rí i bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ "lé èèyàn lọ". Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ tówó rẹ̀ kéré náà ni wọn kì í ti í sọ ìgbà iṣẹ́ fún èèyàn. Ó lè jẹ́ pé owó ló ń lé wọn. Kí ẹ tó sọ ọ̀kan, ẹ fi àwọn tí owó wọn dọ́gba wé ara wọn, bí Ọmọ Ẹgbẹ́ ṣe ya ẹ̀ka.

Afẹsẹ̀bèèrè:
Ẹ jọ̀ọ́, ìlà mélòó ló wà nínú fáìlì náà nígbà tí ẹ gbà á?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà:
150. Mo pa 30 rẹ́ nítorí wọn ò ní èsì níbi ìbéèrè nípa ìgbà iṣẹ́.

Afẹsẹ̀bèèrè:
Ẹ dá wọn padà. Ẹ wo ọ̀wọ́ tó sọ bóyá wọ́n dúró tàbí wọ́n lọ. Ìyẹn kò gbọdọ̀ ṣòfo, torí inú ìwé ibi iṣẹ́ ló ti máa ń wá, kì í ṣe ẹnu òṣìṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà:
Mo ti dá wọn padà. Nínú 30 náà, 21 kúrò kí ọdún tó pé. Àwọn tí mo kó dànù nìyẹn.

Mo tún un ṣírò. Nínú 120, ìdá 29 nínú 100 ló kúrò. Nínú 150, 56 ló kúrò, ìdá 37. Mo wá dán méjì wò: bí mo bá fi gbogbo 30 sọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ ìgbà iṣẹ́, ó di 33 nínú 90, ìdá 37, ìyàtọ̀ pọ́ìntì 18 yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Bí mo bá fi gbogbo wọn sọ́dọ̀ àwọn tí kì í mọ̀, ó di 44 nínú 90, ìdá 49 sí 20, ìyàtọ̀ náà sì di 29.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé, ẹ bá mi wò ó: "Nínú òṣìṣẹ́ 120 tó dáhùn, àwọn tí kì í mọ ìgbà iṣẹ́ ṣáájú kúrò ju àwọn tó ń mọ̀ lọ ní pọ́ìntì 18 (láti 2 dé 34). Òṣìṣẹ́ 30 ò dáhùn, 21 nínú wọn sì ti kúrò. Èsì tiwọn lè sọ ìyàtọ̀ yìí di ńlá tàbí kó pa á rẹ́. A ò tíì yọ ipa owó kúrò."

Afẹsẹ̀bèèrè:
Kò sí ohun tí mo máa yọ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá ń ṣe ti àwọn èèyàn gidi, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti gba nọ́ńbà fóònù wọn méjì méjì, kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa mọ ibi tí wọ́n wà bí wọ́n bá ṣípò.